Abẹ́rẹ́ Méjì

Kí n tó gbéra, mo máa ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ojú ìyàwó:
abẹ́rẹ́ apá òsì fún agbára tí ọ́ìlì fi ń gun òkè ẹ́ńjìnnì,
abẹ́rẹ́ apá ọ̀tún fún ooru rẹ̀.
Láàárọ̀ kùtù, tí ọ́ìlì ṣì ki bí oyin inú ìgò,
tòsì a ga fíofío, tọ̀tún a sùn gbalaja.
Tí a bá fi máa kọjá Ògo-Olúwa,
ọ́ìlì á rọ̀, á ṣàn,
òsì a rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tún a dìde,
wọ́n a máa gba àyè fún ara wọn
bí ọmọ ìyá méjì tó ń lo bàtà kan ṣoṣo.

Bàbá mi kò ní abẹ́rẹ́.
Etí ló fi wa ọkọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógójì,
ọ̀nà Ìkìrun, ọ̀nà Ìrágbìjí, ọ̀nà Gbọ̀ngán.
Á yọ ọ̀pá ọ́ìlì, á fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀là yí i wò,
á gbóòórùn rẹ̀:
"Èyí ti jóná." "Èyí ṣì lè gbé wa délé."
Nísinsìnyí tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀,
ẹ ní láti pariwo kó tó gbọ́ "ẹ kú àárọ̀".
Ẹ́ńjìnnì ló jẹ etí náà tán.

Èmi wà nínú ilé-dígí tí fèrèsé rẹ̀ tì pa,
ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lójú.
Bí irin ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mi ò lè gbọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀ta àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn mi,
mo ń gun Òkè-Fìà lọ,
òsì já.
Kò gbọ̀n. Kò ṣe bí ẹni ń ronú.
Ó já bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.
Iná pupa. Agogo ń ké tíí, tíí, tíí.
Mo pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀nà.
Ọlọ́kadà bú mi. Ẹnì kan nínú Kòróòlà bú ìyá mi.

Múráínà ọ̀gá mi pè:
"Ti ìjelòó ńkọ́? Ṣé kì í ṣe eku ló gé wáyà?
Ṣebí ọ́ìlì kún! Wà á bọ̀, Oyèlámì, kò ju máìlì kan lọ mọ́."

Òótọ́ ni. Lóṣù Èrèlé, eku jẹ wáyà,
abẹ́rẹ́ fi odidi ìyálẹ̀ta kan purọ́ fún wa,
ojú tì mí níwájú àwọn alágbàṣe.
Mo sọ̀kalẹ̀. Mo yọ ọ̀pá ọ́ìlì. Ó kún dé ààmì.
Mo yí i láàárín ìka bí bàbá ṣe ń ṣe.
Kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ò gbọ́ èdè náà.

Kí lèèyàn ń ṣe
nígbà tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní
bá ti purọ́ rí?

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo jókòó sétí gọ́tà.
"Ọ̀gá, ẹ lé mi tó bá wù yín. Mi ò tan án."

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun àsárì ni Ọ̀ṣúnkúnlé dé
pẹ̀lú sípánà, àti abọ́ ike tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ ẹ̀wà.
Ó tú fílítà, ó fi ọ̀bẹ la inú rẹ̀, ó na bébà rẹ̀ sí oòrùn.
Irin wẹ́wẹ́ ń dán lára rẹ̀
bí ìpẹ́ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha.
"Pọ́ǹpù ló kú," ó ní. Kò fi ìkankan kún un.

Lálẹ́, mo pariwo ìtàn náà sétí bàbá mi.
Ó ní, "Kí lọkọ̀ sọ?"
Mo ní kò sọ nǹkan kan, abẹ́rẹ́ òsì ló já.
Ó fa ọwọ́ mi, ó gbé àtàǹpàkò mi sí imú,
ọ́ìlì ṣì wà lábẹ́ èékánná.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀.
"Ó ti gbóná tipẹ́ kó tó já," ó ní.
"Èwo lò ń wò nígbà náà?"